Dráyà ń yí, aṣọ kò gbẹ: ìdáhùn sí lẹ́tà àwọn òǹkàwé

Lẹ́tà tó ń wọlé sí ojú ìwé yìí lórí ẹ̀rọ amáṣọgbẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní dráyà, ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi pinnu láti fi gbogbo ojú ìwé náà sílẹ̀ fún un lọ́tẹ̀ yìí. Mẹ́rin la yàn nínú wọn. Ẹ̀sùn kan náà ni gbogbo wọn mú wá, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ń yí ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ kò tó, síbẹ̀ ohun tó fà á nílé ẹnì kìíní kọ́ ló fà á nílé ẹnì kejì, ìdí sì nìyí tí kò fi dára kí ènìyàn máa ra èròjà kí ó tó mọ ohun tó ń wá.

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni a ń gbé. Dráyà wa, tó ń lo iná mànàmáná, ṣàdédé dẹ́kun ooru: ó ń yí, ó ń dún bó ṣe ń dún tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí aṣọ ṣe tutù wọlé ló ṣe ń tutù jáde. Ọkọ mi ra ẹ́límẹ́ǹtì tuntun, ìyẹn wáyà inú ẹ̀rọ tó ń gbóná, ó fi í sí i fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ṣiṣẹ́ dáadáa fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó tún padà sí bó ṣe wà. Ṣé ẹ́límẹ́ǹtì tí wọ́n tà fún wa ni kò dára ni, àbí kí a kúkú ju ẹ̀rọ náà nù? — Ìyá ìbejì kan, Houston

Ìyá ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú wàhálà. Ẹ má tíì ju ẹ̀rọ yín nù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ́límẹ́ǹtì tuntun náà fi ṣiṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ tó wúlò jù lọ nínú lẹ́tà yín, nítorí ohun tó jọ pé ó ṣẹlẹ̀ ni pé nǹkan mìíràn ló ń pa ooru ẹ̀rọ yín, tí nǹkan ọ̀hún sì ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó lọ sọ́jà, tó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Kí a tó dé orí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ iná, nítorí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, fóólítì 240 ni irú ẹ̀rọ yìí ń lò, orí wáyà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbé fóólítì 120 ni iná náà sì ń gbà wá. Ẹ́límẹ́ǹtì nílò wáyà méjèèjì kí ó tó lè gbóná bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ló tó fún mọ́tò tó ń yí àgbá. Nítorí náà, bí wáyà kan bá dákẹ́, ẹ̀rọ lè máa yí, kí gílóòbù inú rẹ̀ tàn, kí ó sì máa ka ìṣẹ́jú rẹ̀ lọ geere, láìsí ooru kankan. Ẹ lọ sídìí àpótí bíréékà ilé yín, ẹ wá bíréékà oníbejì tí wọ́n kọ 30 sí lára, ẹ pa á pátápátá kí ẹ sì tún tàn án, nítorí apá kan rẹ̀ lè ti já láìjẹ́ pé ojú lásán rí i. Bí ó bá tún já lẹ́yìn náà, oníṣẹ́ iná ló kàn, kì í ṣe ẹni tó ń tún dráyà ṣe. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, kí ẹ ṣí ìdérí kékeré tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà níbi tí okùn iná ti wọlé. Bí ìdè wáyà ibẹ̀ bá dẹ̀, ó máa ń gbóná títí tí ike tó gbé e dúró yóò fi dúdú tàbí kí ó yọ́.

Àmọ́ n kò rò pé iná ni ti yín. Afẹ́fẹ́ ni mo fura sí. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ yìí ń gbà ṣiṣẹ́ ni pé fáànù inú rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ gba ara ẹ́límẹ́ǹtì kọjá, afẹ́fẹ́ náà á gbóná, á wọ inú àgbá lọ gba omi lára aṣọ, á sì gba asẹ́ àti páìpù jáde síta pẹ̀lú ọ̀rinrin tó rù. Bí èérún òwú bá dí ọ̀nà yìí, afẹ́fẹ́ kò ní rìn, ooru á sì kóra jọ sídìí ẹ́límẹ́ǹtì. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà mọ̀ pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀, nítorí náà wọ́n fi nǹkan méjì ṣọ́ àpótí tí ẹ́límẹ́ǹtì wà nínú rẹ̀: tẹ́mósítáàtì kan tó máa ń gé iná bí ooru bá pọ̀ jù, tó sì máa ń dá a padà bó bá tutù, àti fíúsì ooru kan tí kì í dá iná padà mọ́ láé bó bá ti gé e. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń ta fíúsì yìí pọ̀ mọ́ ẹ́límẹ́ǹtì tuntun nínú páálí kan náà. Bí mo bá máa ta kókó ọ̀rọ̀ yín, màá ní ẹ́límẹ́ǹtì àkọ́kọ́ tí ẹ jù nù kò ní àrùn kankan. Fíúsì ló jó, fíúsì tuntun tó bá páálí wá ló gbà yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun náà sì ti jó báyìí nítorí pé ọ̀nà afẹ́fẹ́ ṣì dí. Ẹni tó bá pààrọ̀ fíúsì láìwá ohun tó jó o dà bí ẹni tó pa ajá tó ń gbó nígbà tí olè ṣì wà nínú ilé.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Texas, àárín ilé ni yàrá ìfọṣọ wà, páìpù dráyà á sì gba inú ògiri gòkè lọ jáde lórí òrùlé. Irú páìpù bẹ́ẹ̀ gùn, èérún òwú kì í sì fẹ́ gòkè. Òfin ìkọ́lé tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé sọ pé páìpù náà kò gbọdọ̀ gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 35 lọ, bẹ́ẹ̀ ni kí ènìyàn sì yọ ẹsẹ̀ bàtà 5 kúrò nínú rẹ̀ fún ìgbọ̀nwọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá ṣẹ́ kọ́nú. Irin tí inú rẹ̀ dán ni kí ó jẹ́, kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 4, kí wọ́n má sì ṣe fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu ibi tó ti jáde, nítorí ara nẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an ni òwú ti máa ń há. Bí páìpù yín bá jẹ́ ike funfun tàbí èyí tó rí bí bébà fàdákà tó ń ká jọ, ẹ yọ ọ́ kí ẹ sì fi ti irin rọ́pò rẹ̀, yálà ẹ̀rọ náà ń gbóná tàbí kò gbóná. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ti dráyà mọ́ ògiri títí páìpù á fi pẹlẹbẹ.

Asẹ́ inú ẹ̀rọ náà ńkọ́? Ẹ ó sọ pé ẹ máa ń gbọn ọ́n lójoojúmọ́, mo sì gbà. Síbẹ̀, ẹ bu omi díẹ̀ lé e lórí. Bí omi náà bá dúró sójú asẹ́ tí kò ṣàn kọjá, a jẹ́ pé ọ̀rá inú bébà olóòórùn dídùn tí a máa ń jù sáàárín aṣọ ti bo ojú rẹ̀. Ọṣẹ, omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì ni yóò ṣí i.

N kò sọ gbogbo èyí nítorí owó fíúsì nìkan. Àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná ilé ṣírò rẹ̀ pé láàárín ọdún 2008 sí 2010, nǹkan bí 2,900 ilé ni dráyà ń dáná sun lọ́dún kan, tí ènìyàn bíi 5 ń kú tí 100 sì ń farapa, àìtún ẹ̀rọ náà ṣe ní mímọ́ sì ni okùnfà tó gba iwájú, pẹ̀lú ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún.

Nígbà tí ọ̀nà afẹ́fẹ́ bá ti mọ́, kí ọkọ yín wá mú mítà tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń dán wáyà wò. Kí ó rí i pé púlọ́ọ̀gì ti kúrò lára ògiri, kí ó yọ wáyà kúrò lẹ́nu èròjà tó bá fẹ́ wọ̀n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mítà á purọ́ fún un. Fíúsì ooru tó yè gbọ́dọ̀ súnmọ́ òdo ohm, ìyẹn òṣùwọ̀n bí èròjà ṣe ń dènà iná tó; èyí tó ti jó kò ní gbé ohunkóhun kọjá. Ẹ́límẹ́ǹtì tó jẹ́ wáàtì 5,400 lórí fóólítì 240 máa ń wà ní nǹkan bí ohm 10 sí 11. Kí ó tún fi ẹnu mítà kan kan ẹnu ẹ́límẹ́ǹtì, kí ó fi èkejì kan irin àpótí rẹ̀: mítà kò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun níbẹ̀, nítorí bí wáyà ẹ́límẹ́ǹtì bá ti ya tó sì kan irin, ó lè máa gbóná nígbà tí kò yẹ kí ó gbóná. Bí fíúsì bá jó, kí ó pààrọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ tẹ́mósítáàtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí tẹ́mósítáàtì tó yẹ kí ó kọ́kọ́ gé iná ni kò tètè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tàbí tó ti rẹ̀. Owó méjèèjì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ̀rọ tuntun.

Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi wáyà so ẹnu fíúsì náà pọ̀ kí ẹ lè gbẹ aṣọ tòní ná. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é, kódà fún ìṣẹ́jú kan.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú fúláàtì kékeré ní Peckham ní London ni mo ń gbé, kò sì sí ihò lára ògiri tí páìpù lè gbà jáde. Dráyà oní-heat pump ni ọmọ mi rà fún mi lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà tí òtútù ti dé, ó máa ń gba wákàtí mẹ́rin kí aṣọ ìbora tó gbẹ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò ní pé wákàtí kan kí ó tó dúró, tí á ní aṣọ ti gbẹ nígbà tó ṣì tutù. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, kò gbóná bíi ti dráyà tí mo lò tẹ́lẹ̀. — Bàbá àgbà kan, Peckham

Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi yín lọ́kàn balẹ̀ lórí ẹ̀sùn ìkẹyìn yẹn: dráyà oní-heat pump kì í gbóná bíi ti àtijọ́, a kò sì ṣe é láti gbóná bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí fíríìjì ń gbà kó ooru láti ibì kan lọ sí ibòmíràn ni òun náà ń gbà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í sì í sábà ju ìwọ̀n 50 lọ púpọ̀ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ iná díẹ̀, tó sì fi ń pẹ́. Wákàtí méjì ààbọ̀ kò burú fún un. Wákàtí mẹ́rin ni kò tọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni dídúró láìtọ́jọ́ kò tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ti dídúró láìtọ́jọ́ ló rọrùn. Ẹ wo inú àgbá, níwájú, nítòsí ẹnu ọ̀nà: ẹ ó rí irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì. Àwọn ló ń fi ara kan aṣọ láti mọ̀ bóyá ọ̀rinrin ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀rá omi tí a fi ń mú aṣọ rọ̀ máa ń bò wọ́n, wọn á sì máa rò pé aṣọ ti gbẹ. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ rẹ sínú fínígà díẹ̀ nù wọ́n. Aṣọ ìbora tún ní ìwà tirẹ̀, ó máa ń wé mọ́ ara rẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ á gbẹ nígbà tí inú ṣì ń kán. Ẹ dá ẹ̀rọ dúró lágbedeméjì, kí ẹ tú u ká, kí ẹ sì dá a padà.

Ní ti wákàtí mẹ́rin, ẹ yọ asẹ́ ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì rántí pé ipele méjì ni ọ̀pọ̀ wọn ní, tí àwọn kan tún ní asẹ́ kejì nísàlẹ̀ níwájú ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń tutù. Ẹ fọ wọ́n lábẹ́ omi ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ pátápátá kí ẹ tó dá wọn padà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo yàrá tí ẹ gbé e sí. Ọ̀pọ̀ ìwé ìlò irú ẹ̀rọ yìí sọ pé kí yàrá má ṣe tutù ju ìwọ̀n 5 lọ, kí ó má sì gbóná ju 35 lọ, nítorí náà ìgbà òtútù ní àgbàlá tàbí inú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa kò bá a lára mu. Ẹ̀rọ ìfọṣọ yín pẹ̀lú wà lára ẹjọ́ yìí: aṣọ tó fún ní ìyípo 1,400 ní ìṣẹ́jú kan máa ń jáde pẹ̀lú omi tó kéré gan-an sí ti èyí tó fún ní 800.

Ẹ wá wo àpótí omi. Bí ẹ̀rọ bá yí fún wákàtí méjì pẹ̀lú ẹrù aṣọ tútù, tí kò sì sí omi nínú àpótí náà, tí ẹ kò sì so ó mọ́ páìpù tó ń da omi nù, a jẹ́ pé kò fa omi kankan jáde lára aṣọ. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ìyẹn ohun tó ń ti gáàsì tó ń kó ooru kiri inú ẹ̀rọ, lè má ṣiṣẹ́, tàbí kí gáàsì náà ti jò. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ilé. R290, tó wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn tuntun, jẹ́ gáàsì tó lè gbiná, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ló gbọdọ̀ ṣí i. Ọdún kan péré ni ẹ sì ti lò ó, nítorí náà kí ọmọ yín mú ìwé ìsanwó lọ bá ẹni tó tà á, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà tí Britain ṣe lọ́dún 2015 wà lẹ́yìn yín.

Fún àwọn òǹkàwé wa mìíràn ní London tó ń ra dráyà àlòkù: lọ́dún 2019, ilé-iṣẹ́ Whirlpool pe àwọn dráyà kan padà, tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2004 sí 2015 pẹ̀lú orúkọ bíi Hotpoint, Indesit àti Creda, nítorí pé èérún òwú lè kan ẹ́límẹ́ǹtì wọn kí ó sì gbiná. Ẹ yẹ nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì wò kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà fi dráyà ránṣẹ́ sí mi nínú kọ̀ǹténà. Oníṣẹ́ iná tó bá mi so ó ní 110 ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ó sì ní kí n ra tàràǹsífọ́mà tó ń sọ iná wa di 110. Ẹ̀rọ náà ń yí, ṣùgbọ́n ṣe ni ó kàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọjọ́ á sì lọ tán kí aṣọ tó gbẹ. — Òǹkàwé kan, Bódìjà, Ìbàdàn

Oníṣẹ́ iná yín gba ìdajì òótọ́. Mọ́tò ẹ̀rọ náà nílò fóólítì bíi 120, ó sì fún un ní ohun tó súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n 240 ni ẹ́límẹ́ǹtì ń retí, bí mo ti ṣàlàyé fún Ìyá ìbejì lókè. Ooru kì í dínkù ní déédéé bí fóólítì ṣe dínkù; bí fóólítì bá di ìdajì, ooru á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ́límẹ́ǹtì wáàtì 5,400 tí ẹ fún ní fóólítì 110 kò ní mú ju nǹkan bí wáàtì 1,130 jáde, èyí tí kò ju ti áyọ́ọ̀nù kan lọ, tí ẹ sì fẹ́ fi gbẹ odidi àgbá aṣọ.

Tàràǹsífọ́mà mìíràn wà tó lè fún ẹ̀rọ náà ní 240 pẹ̀lú wáyà àárín tó pín in sí 120 méjì. Kí ó lè gbé ẹrù yìí, ó gbọdọ̀ tó 6 kVA ó kéré tán, ó sì wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ tilẹ̀ rà á, ohun kan kù tí tàràǹsífọ́mà kankan kò lè yí padà: iná Amẹ́ríkà ń lọ ní 60 hertz, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa sì jẹ́ 50. Mọ́tò á máa yí ní ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà ìwọ̀n eré rẹ̀, á máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, fáànù tó ń yí pẹ̀lú rẹ̀ á sì rọra máa fẹ́, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ ti fi ọwọ́ ara yín dá àìtó afẹ́fẹ́ sílẹ̀, fíúsì ooru á sì máa jó. Mo mọ̀ pé ẹ̀bùn ẹ̀gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ná owó kún owó lórí rẹ̀. Bí ẹ bá nílò dráyà dandan, ẹ ra èyí tí wọ́n kọ fóólítì 220 sí 240 àti 50 hertz sí lára.

Kódà èyí tó tọ́ yẹn á ṣe wọ́ọ́rọ́ bí iná NEPA, bí gbogbo wa ṣì ṣe ń pè é, bá wálẹ̀. Bí fóólítì bá lọ sílẹ̀ láti 230 sí 160, ooru rẹ̀ kò ní pé ìdajì mọ́, tí kò sì sí ohun tó bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ. Ẹ fi mítà wọn iná sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe nígbà tó wà ní pípa, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour kò lè gbé e rárá. Ìgbà òjò ni irú ẹ̀rọ yìí wúlò sí nílẹ̀ wa; nígbà tí ọyẹ́ bá dé, okùn ẹ̀yìnkùlé yóò gbẹ aṣọ yín kí ẹ̀rọ tó gbóná. Léèsì àti aṣọ òkè ní tiwọn, ẹ má tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n rí ẹnu ọ̀nà dráyà.

Dráyà wa tó ń lo gáàsì máa ń gbóná fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á tutù títí yóò fi parí. Kí ni kí n pààrọ̀? — Arákùnrin kan, Chicago

Bí ó bá ń gbóná ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì ń kọ̀ lẹ́yìn náà, kọ́ìlì orí fáàfù gáàsì, ìyẹn wáyà wíwé tó ń fi agbára iná ṣí ẹnu ọ̀nà gáàsì, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kọ́ìlì tó ti rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tó tutù, àmọ́ bí ara rẹ̀ bá ti gbóná, kò ní lágbára láti ṣí fáàfù mọ́. Ẹ wo gba ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ níbi tí iná ti ń jó, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ náà bá ti tutù lórí yín lẹ́ẹ̀kan. Bí irin kékeré tó ń tanná bá pọ́n yòò, tó sì kú láìsí iná gáàsì kankan, kọ́ìlì ni. Bí irin náà kò bá tilẹ̀ pọ́n rárá, òun fúnra rẹ̀ ló ti ṣẹ́ tàbí kí fíúsì ooru ti jó, ẹ sì padà sí ohun tí mo sọ nípa ọ̀nà afẹ́fẹ́.

Ẹ má ṣe yọ páìpù ẹ̀yìn kúrò kí ẹ sì máa yí dráyà oní-gáàsì nínú ilé láti fi dán an wò, bí àwọn kan ṣe ń fi ti oníná mànàmáná ṣe, nítorí èéfín carbon monoxide wà nínú afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde, kò sì ní òórùn. Bí ẹ bá sì gbọ́ òórùn gáàsì, ẹ má tan iná, ẹ má pa iná. Ẹ kó gbogbo ará ilé jáde, kí ẹ sì pe ilé-iṣẹ́ gáàsì láti òde. Kọ́ìlì ṣeé pààrọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ti gáàsì pa tí ẹ sì ti yọ púlọ́ọ̀gì, láìtú páìpù gáàsì kankan. Bí ẹ bá rí i pé iṣẹ́ náà fẹ́ mú yín tú páìpù ọ̀hún, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ pe ẹni tó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ gáàsì.